Bí A Ṣe Ń Ya Àwòrán Ilé Tí A Fẹ́ Díye Lé

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sí ojú ìwé wa lónìí bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí.

Ní ọdún 2019, nígbà tí a parí àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan ní Kàdúná níhìn-ín, arábìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì dúró dè mí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ilé yìí. Ṣé ilé tí kò ju mílíọ̀nù 8 náírà lọ nìyí?" Àwòrán 11 ni ó wà nínú fóònù náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí ó jẹ́ dáwódù ilé wọn, ni ó fi wọ́n ránṣẹ́ láti ìlú wọn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo rí ògiri tí ó sán, àjà tí ó ti já wálẹ̀, ilẹ̀kùn tí ikán ti jẹ, àti kọ́rídọ̀ tí ó ṣókùnkùn bíi inú ihò. Bí ilé ahoro ni ó rí lójú mi. Ìyá Ìbejì wá ṣí àwòrán mìíràn fún mi, èyí tí àbúrò rẹ̀ obìnrin yà nígbà ọdún Iléyá. Nínú ìwọ̀nyí, pálọ̀ ń dán pẹ̀lú táìlì, ojú fèrèsé mọ́ gaara, iwájú ilé sì funfun pẹ̀lú ọ̀dà tuntun. Mo bi í léèrè bóyá ilé mìíràn ni. Ó ní ilé kan náà ni.

Bàbá wọn, kí Ọlọ́hun ṣe àforíjìn fún un, ṣe iṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kọ́ ilé sí ìlú rẹ̀ ní ọdún 1978, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa tí wọ́n wá wá oúnjẹ òòjọ́ wọn sí Òkè Ọya ti ṣe. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin 2 àti ọmọbìnrin 3 sílẹ̀. Bàbá àti ìyá tirẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Wọ́n ti san gbèsè ọrùn rẹ̀, kò sì sí àsọọ́lẹ̀ kankan tí ó ṣe. Àfáà wọn ṣírò ogún náà fún wọn gẹ́gẹ́ bí Al-Kùránì Alápọ̀nlé ti là á kalẹ̀ nínú Súúrà An-Nisā, ìṣirò náà sì gún régé: bí a bá pín ilé sí ọ̀nà 8, ìyá wọn yóò mú 1, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan yóò mú 2, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan yóò mú 1. Kò sí ẹni tí ó bá àfáà jiyàn lórí èyí.

Ibi tí wàhálà wà ni iye owó ilé náà gan-an. Dáwódù ń gbé inú ilé náà, ó sì fẹ́ máa gbé ibẹ̀ lọ, kí ó san owó ìpín àwọn tí ó kù fún wọn. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí bí gbogbo wọn bá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: ìpín 6 nínú 8 ni yóò rà. Bí ilé bá jẹ́ mílíọ̀nù 8, mílíọ̀nù 6 ni yóò san, mílíọ̀nù 1 ni yóò sì kan ìyá wọn. Bí ilé bá jẹ́ mílíọ̀nù 18, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọbìnrin ti ń sọ, mílíọ̀nù 13 àti ààbọ̀ ni yóò san, mílíọ̀nù 2 àti ẹgbẹ̀rún 250 ni yóò sì kan ìyá wọn. Owó tí opó kan yóò fi tọ́jú ara rẹ̀ ní ọjọ́ alẹ́ ni àwọn ọmọ ń fi fọ́tò fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ yìí. Kò sì sí èyí tí ó purọ́ nínú wọn. Ògiri náà sán lóòótọ́, táìlì náà sì ń dán lóòótọ́. Ohun tí olúkúlùkù fẹ́ kí ẹlòmíràn rí ni ó yà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé èmi kì í ṣe adíyelé. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo ṣe fún ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn tí òfin fún láṣẹ láti díye lé ilé ní Nàìjíríà ni àwọn tí à ń pè ní Estate Surveyor and Valuer. Ẹgbẹ́ wọn, NIESV, ti wà láti ọdún 1969. Ìgbìmọ̀ tí ń fi orúkọ wọn sílẹ̀, ESVARBON, ni òfin ọdún 1975 dá sílẹ̀. Bí ọ̀ràn bá jẹ mọ́ ogún, tàbí bí ilé ìfowópamọ́ bá fẹ́ gba ilé ṣe ohun ìdúró fún owó tí ó fẹ́ yáni, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ yìí ni kí ẹ wá, kì í ṣe ejẹ́ńtì tí ń bá wa wá ayálégbé.

Adíyelé a máa wo iye tí wọ́n ta irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò. A máa wo iye tí ilé náà lè mú wọlé lọ́dún bí a bá fi háyà. Tàbí kí ó ṣírò iye tí yóò náni láti tún un kọ́ lónìí, kí ó sì yọ owó gbígbó rẹ̀ kúrò. Ibi gbígbó yìí ni ìjà pọ̀ sí jù. Adíyelé yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà ní Kàdúná, èyí tí ó wà ní Kánò àti èyí tí ó wà ní Jọ́ọ̀sì kò ní sí níbẹ̀. Àwọn ni àwòrán wà fún. Bí àwòrán bá pé, tí ó sì tọ́, ẹni tí kò sí níbẹ̀ yóò lè wò ó, yóò sì mọ ìdí tí adíyelé fi kọ ohun tí ó kọ.

Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti ra ilé ní Amẹ́ríkà yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Lọ́hùn-ún, ìwé àbọ̀ tí àwọn adíyelé máa ń kọ fún ilé ìfowópamọ́, kò pé bí kò bá ní àwòrán iwájú ilé, ẹ̀yìn ilé àti ojú títì. Bí ó bá sì jẹ́ pé FHA, iléeṣẹ́ ìjọba wọn, ni ó ń ṣe onídùúró fún owó náà, adíyelé gbọ́dọ̀ ti orí àti èjìká rẹ̀ bọ inú òkè àjà bí ọ̀nà bá wà níbẹ̀, kí ó lè rí igi òrùlé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ra ilé ní Houston ni ó sọ fún mi pé ẹni tí ó wá wo ilé òun gbé kámẹ́rà kékeré sórí ọ̀pá gígùn kan, ó sì fi yẹ gbogbo ibi tí ara rẹ̀ kò lè gbà wò. Ọ̀pá yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí Ìyá Ìbejì ní kí n bá òun dé ilé.

A bá adíyelé kan tí ó ní ìwé àṣẹ sọ̀rọ̀ ní Òṣogbo, a dá ọjọ́, a sì wọ ọkọ̀. Ẹrù tí mo kó dání kò wọ́n rárá. Yàtọ̀ sí fóònù mi, mo mú tọ́ọ̀ṣì 2, dígí ìwojú kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, téèpù ìwọ̀n, rúlà ọmọ ilé ìwé, ṣọ́ọ̀kì, àti rọ́bà tí a gé láti ara táyà inú kẹ̀kẹ́. Mo mú igi mọ́ọ̀pù kan tí ó gbẹ dáadáa pẹ̀lú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí tí ó jẹ́ irin sílẹ̀ nítorí wáyà iná. Ìgò omi tí a mu lọ́nà wúlò pẹ̀lú, ẹ ó rí i níwájú.

Nígbà tí a dé ilé, a kò tíì yọ fóònù tí a fi tọrọ àyè. Súúrà An-Nūr, āyà 27, ti pàṣẹ fún wa láti gba ìyọ̀ǹda kí a tó wọ ilé ẹlòmíràn. Mo sì gbà pé kámẹ́rà tí yóò gbé inú ilé ènìyàn jáde lọ sí fóònù ẹni mẹ́wàá yẹ kí ó gba ìyọ̀ǹda ju ẹsẹ̀ lọ. Ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí opó oṣù 4 àti ọjọ́ 10 rẹ̀ ni. A ní kí wọ́n palẹ̀ aṣọ, oògùn àti ìwé wọn mọ́ kúrò lójú. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ni ó wọ iyàrá wọn tí ó ya ògiri, àjà àti fèrèsé; èmi kò dé ibẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú ọmọdé wọ inú àwòrán, ẹ má sì ya ohun tí wọ́n fi kọ́ sí ara ògiri bí kò bá kan ilé.

Dáwódù kò túra ká. Ó ní, "Alhaji, ṣé ẹ kò gba àwọn fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ gbọ́ ni?" Mo ní, "Mo gbà wọ́n gbọ́, ọmọ mi. Ìwọ ni mo sì fẹ́ kí o máa mú wa kiri." Mo gbé tọ́ọ̀ṣì kan lé e lọ́wọ́. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni tí ara ń fu sí iṣẹ́ yìí ni kí ẹ jẹ́ kí ó di iná mú. Ohun tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ sí, kò ní lè sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun kò rí i.

Ojú títì ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí ń wò ó lè mọ irú àdúgbò tí ilé náà wà àti bí ọ̀nà rẹ̀ ti rí. Lẹ́yìn náà, ẹ ya iwájú ilé, kí ẹ sì yí gbogbo ilé po láti ọwọ́ ọ̀tún títí ẹ ó fi padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú iyàrá, ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ ya igun tí ó wà ní ọ̀kánkán, kí ẹ tún lọ dúró sí igun náà, kí ẹ ya ẹnu ọ̀nà. Ẹ gbé fóònù sí ìwọ̀n àyà, kí ó dúró ṣánṣán. Bí ẹ bá gbé e sókè tí ẹ dà á sísàlẹ̀, ògiri yóò dàbí èyí tí ó fẹ́ wó. Àwọn fóònù ìsinsìnyí ní ojú kan tí a fi ń ya ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n máa ń kọ 0.5 sí. Ẹ má ṣe lò ó fún irú iṣẹ́ yìí. Yóò sọ iyàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 di gbọ̀ngàn. Àwọn tí ń polówó ilé fẹ́ràn rẹ̀, mo sì mọ ìdí rẹ̀.

Kí ẹ tó ya èyí àkọ́kọ́, ẹ ya ilé náà sórí ìwé pẹ̀lú bírò, bí ó ti wù kí ó wọ́ mọ. Ẹ fún iyàrá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà náà sí wàláà kékeré tàbí páálí tí ẹ ó gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú àwòrán. Mo ti jẹ ìyà èyí rí. Nígbà kan, mo ya àwòrán tí ó lé ní 140 nínú ilé alájà kan. Nígbà tí mo padà dé Kàdúná, gbogbo ògiri jọ ara wọn, n kò sì mọ iyàrá tí omi ti ń jò mọ́. Owó ọkọ̀ kejì ni mo fi kọ́gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ògiri nísinsìnyí, nítorí ibẹ̀ ni ojú ti máa ń tan ènìyàn jù. Bí ẹ bá tan iná mọ́ ògiri láti iwájú gan-an, gbogbo rẹ̀ ni yóò funfun, kò sì ní fi nǹkan kan hàn. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ògiri, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa rìn lára ògiri lọ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti máa ń gba ojú ilẹ̀. Gbogbo ibi tí ó wú, ibi tí wọ́n fi símẹ́ńtì dí, àti ibi tí omi ti ń fa ọ̀dà bọ́ ni yóò ní òjìji tirẹ̀. Nígbà yẹn ni kí ẹ wá yà á. Ní ti ibi tí ó sán, àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹnu tí ògiri là ni ó dọ́gba. Èyí tí ó tín-ínrín bí irun orí, tí kò tó mìlímítà 1, sábà máa ń jẹ́ ti símẹ́ńtì ojú ògiri nìkan. Èyí tí ó bá gba igun fèrèsé gòkè lọ ní ìdábùú, tí ó ń fẹ̀ sí i bí ó ti ń lọ, lè jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ni ó ń rì. Àwòrán tí kò ní ìwọ̀n kò lè fi ìyàtọ̀ náà hàn, nítorí bí a bá sún mọ́ ìlà tín-ínrín, yóò dàbí àfonífojì. Ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí àyè bá wà, ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí ó parí sí lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì tún yà á lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí lẹ́yìn òjò. Bí ó bá ti kọjá àmì yẹn, ẹ pe onímọ̀ iṣẹ́ ilé kíkọ́.

Nínú àwòrán 11 tí dáwódù fi ránṣẹ́, 4 ni ó jẹ́ ògiri kan náà tí ó yà láti ọ̀nà mẹ́rin. Rúlà fi hàn pé kò fẹ̀ tó mìlímítà 1. Ó wo rúlà náà, ó wo èmi, kò sọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ tí ó dagun kì í hàn nínú àwòrán rárá. Ibẹ̀ ni ìgò omi ti wúlò. Ẹ bu omi sínú ìgò tí inú rẹ̀ hàn, kí ó má kún, kí ẹ dé e pa, kí ẹ dà á dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, kí ẹ sì yà á láti ẹ̀gbẹ́. Ojú omi kò mọ ojúsàájú. Ní ti abẹ́ síńkì àti ẹ̀yìn agbada omi, dígí ni kí ẹ na síbẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú dígí náà, kí ẹ wá ya ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní balùwẹ̀ ilé yìí, dígí ni ó fi páìpù tí ń kán tótó hàn wá. Táìlì tí ń dán nínú àwòrán àwọn ọmọbìnrin wà lókè rẹ̀ gan-an.

Òkè àjà ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Ihò kan wà ní àjà kọ́rídọ̀ tí ọkùnrin lè gbà yọ orí, ṣùgbọ́n àkàbà ilé náà kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ọjọ́ orí mi kò sì jẹ́ ti ẹni tí ń gun àkàbà mọ́. Mo fi rọ́bà de fóònù mọ́ orí igi mọ́ọ̀pù, mo de tọ́ọ̀ṣì kan mọ́ ọn pẹ̀lú, nítorí iná ara fóònù nìkan kì í lọ jìnnà nínú òkùnkùn. Ẹ lè lo aago inú kámẹ́rà tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá 10 kí ó tó ya. Ṣùgbọ́n fídíò rọrùn jù. Ẹ tan án sílẹ̀, kí ẹ gbé e gòkè, kí ẹ yí i ká díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró ní igun kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ẹyọ tẹ̀sùbáà márùn-ún, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ wá mú àwòrán tí ó mọ́ jù nínú rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, n kò de rọ́bà le tó. Fóònù já, ó sì dùbúlẹ̀ sórí àjà, ó ń ya páànù lọ. Ọmọ Ìyá Ìbejì ni ó fi igi fà á padà, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín, dáwódù pàápàá rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni mo ti ń so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ fóònù, kí n so ìdí rẹ̀ mọ́ ọwọ́ mi.

Ẹ pa iná ilé náà láti ibi mítà kí ẹ tó gbé ohunkóhun sí òkè àjà. Ẹ má ṣe gbé ọ̀pá sókè nítòsí wáyà tí ń bọ̀ láti òpó, ìbáà jẹ́ igi, nítorí igi tí ó tutù a máa gbé iná. Ẹ má ṣe tẹ sílíìnì mọ́lẹ̀. Bí sílíìnì tàbí òrùlé náà bá jẹ́ asbestos, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ nínú àwọn ilé ìgbà yẹn, ẹ má ṣe gún un, ẹ má ṣe fọ́ ọ, nítorí eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ohun tí fídíò náà fi hàn kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn tán. Ní ìhà ilé ìdáná, ikán ti mọ ọ̀nà amọ̀ rẹ̀ gba ara ògiri gòkè, ó sì ti jẹ igi òrùlé títí ó fi kù bí páálí. Àwọn ọmọbìnrin kò mọ̀. Ṣùgbọ́n láti pálọ̀ dé iyàrá ìyá wọn, igi tí bàbá wọn rà ní 1978 ṣì dúró gbọn-in, páànù orí rẹ̀ kò sì ní ju ojú ihò ìṣó 2 tàbí 3 lọ. Dáwódù náà kò mọ èyí. Ó ti rò pé gbogbo rẹ̀ ni ó ti bàjẹ́ lóòótọ́. Mo sọ èyí kí a má bàa rò pé ẹni tí ó fi àwòrán burúkú ránṣẹ́ ń ṣe èrú dandan. Ó ń sùn sábẹ́ àjà tí ń já, ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ni ó yà.

Ohun kan sì wà tí kò sí nínú àwòrán ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nígbà tí a yí ẹ̀yìn ilé ká, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti bo gbogbo ibẹ̀. A là á kọjá, a sì rí i pé ọgbà ilé náà tún lọ jìnnà sí i. A na téèpù, ọmọ Ìyá Ìbejì di ìdí kan mú, mo sì ya téèpù náà pẹ̀lú ògiri ọgbà: mítà 9 ni, láti ẹ̀yìn ilé ìdáná. Adíyelé fi í wé ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀, ó sì bá a mu. Dáwódù kò yà á nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lásán ni ó jẹ́ lójú rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin kò sì rìn dé ibẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti lọ sí ilé ọkọ.

Bí ẹ bá fẹ́ fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, ẹ kíyè sí WhatsApp. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń fi fọ́tò ìyàwó ránṣẹ́, yóò fún un pọ̀ kí ó lè fúyẹ́; ojú ikán yóò di bàìbàì, ọjọ́ tí a yà á àti ibi tí a ti yà á tí fóònù kọ sí inú rẹ̀ yóò sì parẹ́. Ẹ yan ọ̀nà tí a fi ń fi dókúmẹ́ǹtì ránṣẹ́, yóò dé bí ó ti rí. Ẹ má ṣe fi ọ̀dà tàbí àwọ̀ tún un ṣe. Ẹ fún gbogbo ajogún ní gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, títí kan ìyá àgbà tí kò ní fóònù. Ẹ bá wọn tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ìwé adíyelé jáde. Mílíọ̀nù 13 àti ẹgbẹ̀rún 600 náírà ni ó kọ, ní owó ìgbà náà, lẹ́yìn tí ó ti yọ owó òrùlé ilé ìdáná tí ó sì ti ka ilẹ̀ ẹ̀yìn mọ́ ọn. Àwòrán 38 ni ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó lé ní ogún nínú wọn tí ó jẹ́ èyí tí a yà lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọbìnrin ráhùn díẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ìpín ìyá wọn jẹ́ mílíọ̀nù 1 àti ẹgbẹ̀rún 700.

Dáwódù pè mí ní alẹ́ ọjọ́ tí ìwé náà dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Alhaji, mílíọ̀nù 10 àti ẹgbẹ̀rún 200 ni mo máa san báyìí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun ti bá àwọn àbúrò òun sọ ọ́, wọ́n ti fún òun ní oṣù 18, ti ìyá àwọn ni òun yóò sì kọ́kọ́ san. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n jọ̀wọ́ fi àwòrán òkè àjà ìdáná ránṣẹ́ sí òun, kí n fi í ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, nítorí káfíńtà ń bọ̀ ní ọjọ́ kejì, ó sì fẹ́ ka iye igi tí yóò rà.